Onílé Kó Ẹrù Yín Síta ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ohun Tí Ẹ Lè Ṣe Lábẹ́ Òfin

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn ayálégbé, láti Under G títí dé Tàkíé, láti Ṣábó dé Apákẹ́: "Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá àgádágodo tí n kò mọ̀ rí lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, ẹrù mi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta. Ṣé onílé lè ṣe irú èyí fún mi? Kí ni kí n ṣe?" Ẹ jẹ́ ká dáhùn rẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè rí nǹkan dì mú.

Onílé ló ni ilé, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀tù nìkan ló ní àṣẹ láti lé ayálégbé jáde nínú rẹ̀. Bí ẹ tilẹ̀ jẹ owó ilé, bí ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín tilẹ̀ ti kọjá, onílé kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì yín síta. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà sọ èyí ní ọdún 1997 nínú ẹjọ́ Iheanacho àti Uzochukwu: onílé tó bá fẹ́ gba ilé rẹ̀ yóò fúnni ní ìwé tó yẹ, yóò sì gba kọ́ọ̀tù kọjá, kò gbọdọ̀ lo ipá. Ìjọba pàápàá kò bọ́ nínú òfin yìí. Nígbà tí ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó lé Ojukwu jáde nílé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ilé náà ṣì wà ní kọ́ọ̀tù, ilé ẹjọ́ kan náà bá wọn wí gidigidi ní ọdún 1986.

Gbèsè yín kò torí èyí parẹ́ o. Onílé ṣì lè gba owó rẹ̀, ó ṣì lè gba ilé rẹ̀. Ọ̀nà tó gbà ṣe é ni à ń sọ.

## Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó lé yín

Kì í ṣe gbogbo ìlélọ ló lòdì sófin. Bí ó bá jẹ́ bélíìfù, ìyẹn akódà kọ́ọ̀tù, ló wá pẹ̀lú ọlọ́pàá, ẹ ní kí ó fi ìwé àṣẹ hàn yín, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Ẹ wo nǹkan wọ̀nyí lára ìwé náà:

- orúkọ kọ́ọ̀tù àti nọ́ńbà ẹjọ́
- orúkọ yín àti àdírẹ́ẹ̀sì ilé: ṣé yàrá tiyín ni, àbí ti ará ilé kejì?
- ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, ọwọ́ adájọ́ àti òǹtẹ̀ kọ́ọ̀tù

Bí ìwé náà bá pé, ẹ má bá wọn jà. Ẹni tó bá dí akódà lọ́wọ́ lè dẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn lórí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn tẹ́lẹ̀. Ẹ lè má tilẹ̀ gbọ́ rí pé ẹjọ́ kankan wà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé wọ́n lẹ ìwé ìpẹ̀jọ́ mọ́ ilẹ̀kùn, kí afẹ́fẹ́ tàbí ọmọdé sì yọ ọ́ kúrò. Kọ́ọ̀tù tó dá ẹjọ́ náà lẹ ó padà sí. Lọ́yà yóò bá yín bẹ adájọ́ pé kí ó fagi lé ìdájọ́ tí a dá lẹ́yìn yín, nítorí pé ìwé ìpẹ̀jọ́ kò tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ọ̀nà yìí kì í ṣí sílẹ̀ pẹ́, ẹ má fi falẹ̀.

Bí kò bá sí ìwé kọ́ọ̀tù kankan, ìwọ̀nyí ni òfin ń wò bí ìfipá léni:

- kí wọ́n pààrọ̀ àgádágodo tàbí kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn yín
- kí wọ́n kó ẹrù yín síta, tàbí kí wọ́n tì í mọ́ inú yàrá
- kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé, kí wọ́n ṣí páànù orí ilé pé àwọn fẹ́ tún un ṣe
- kí àwọn ọmọọ̀ta wá dúró sẹ́nu ọ̀nà
- kí wọ́n gé iná tàbí kí wọ́n ti kànga pa, kí ìgbé ayé lè nira fún yín títí ẹ ó fi lọ

Èyí tó kẹ́yìn yẹn kò tíì lé yín jáde tán. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹrù bá dé ìta. Ẹni tó bá tètè lọ kọ́ọ̀tù nígbà tí ó ṣì wà nínú ilé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn gan-an ju ti ẹni tó ń wá bí yóò ṣe padà wọlé.

## Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an: ìgbésẹ̀ méje

1. Ẹ má fọ́ àgádágodo náà. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fọ́ ọ, onílé yóò sáré lọ tẹ́ṣàn pé ẹ fọ́lé, tàbí pé owó òun sọ nù níbẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ á wá di ẹni tó ń wá béèlì.

2. Ẹ ya fídíò. Ẹ sọ ọjọ́, aago àti àdírẹ́ẹ̀sì sínú rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ara yín. Ẹ rìn ín díẹ̀díẹ̀: ilẹ̀kùn, àgádágodo, ẹrù níkọ̀ọ̀kan, ohun tó fọ́. Ẹ má gé e, ẹ má fi orin sí i, ẹ má sì pa ojúlówó rẹ̀ rẹ́ lórí fóònù lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní ìwé ẹ̀rí kan tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé àwòrán, fídíò àti ọ̀rọ̀ inú fóònù kí kọ́ọ̀tù tó gbà á wọlé. Lọ́yà yín ló máa ṣe ìwé náà, ṣùgbọ́n fóònù tí ẹ fi yà á gbọ́dọ̀ wà.

3. Ẹ wá ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán. Ará ilé tàbí aládùúgbò tó rí i nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù náà ló dára jù. Àbúrò yín tó dé lálẹ́ kò rí nǹkan kan. Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà wọn. Ayálégbé bíi tiyín nínú ilé kan náà lè máa bẹ̀rù onílé. Ẹ má fagbára mú un, ẹ wo ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọjà lójú ọ̀nà.

4. Ẹ kọ ẹrù sílẹ̀. Ohun tó wà, ohun tó bàjẹ́, ohun tí ẹ kò rí, iye tí ẹ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, oògùn, owó àti káàdì báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Kọ́ọ̀tù kì í fi ojú àánú dá owó ẹrù padà. Gbogbo ohun tí ẹ bá dárúkọ ni ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó wà, kí ẹ sì fi iye rẹ̀ hàn. "Ẹrù mi tó mílíọ̀nù méjì" lásán kò ní mú kọ́bọ̀ wá.

5. Ẹ kó ẹrù kúrò níta. Àwọn kan máa ń fi í sílẹ̀ lábẹ́ òjò kí ayé lè rí ìwà onílé. Òfin retí pé kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ dín àdánù ara rẹ̀ kù. Tẹlifíṣọ̀n tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ fún òjò, ọrùn yín ni yóò pa dà sí. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ tó kó o, ẹ gbà á lọ́wọ́ ilé ìtura tí ẹ bá sùn sí. Bí ọlọ́kọ̀ kò bá ní rìsíìtì, ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ dípò kí ẹ san án lọ́wọ́.

6. Ẹ kọ̀wé sí onílé, ẹ má kàn pè é lásán. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní ọ̀wọ̀, tí kò sì fi nǹkan pamọ́, ló tó. Bí àpẹẹrẹ: "Bàbá, ẹ káàsán sà. Mo ti ibi iṣẹ́ dé lónìí, mo bá àgádágodo tuntun lẹ́nu yàrá mi, ẹrù mi sì wà níta. Owó ilé tí mo san kò tíì parí. N kò rí ìwé kọ́ọ̀tù kankan gbà. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi lónìí." Ẹ má bú u, ẹ má halẹ̀. Adájọ́ lè ka ọ̀rọ̀ yẹn sókè ní kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ kan. Bí onílé bá fèsì pé "Èmi ni mo lé ọ, ibi tó bá wù ọ́ ni kí o lọ," ó ti bá yín kọ ìdajì ẹjọ́ yín.

7. Ẹ dé tẹ́ṣàn lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà tí ẹ ó gbà sọ ọ́ níbẹ̀ ṣe pàtàkì, ẹ ka ìsàlẹ̀ yìí.

## Ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá

Bí ẹ bá wọlé tí ẹ ní "onílé lé mi jáde," ó ṣeé ṣe kí ọlọ́pàá ní kí ẹ lọ parí rẹ̀ nílé, nítorí ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n ọ̀daràn sábà máa ń wà nínú ìfipá léni. Òun ni kí ẹ fi ẹjọ́ sùn: ẹni tó fọ́ ilẹ̀kùn, ẹni tó ba ẹrù jẹ́, ẹni tó mú owó lọ, ẹni tó lù yín, àwọn tó fi igi àti àdá wọlé. Fífi ipá àti jàgídíjàgan wọ ilé tí ẹlòmíràn ń gbé jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn, kódà bí ẹni tó wọlé náà bá ní ẹ̀tọ́ sí ilé ọ̀hún.

Ẹ fọwọ́ ara yín kọ sítétímẹ́ńtì. Bí ẹ kò bá lè kọ, kí wọ́n kà á fún yín ní Yorùbá kí ẹ tó tẹ̀ka. Ẹ gba orúkọ ọlọ́pàá tí wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́ àti ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn, nítorí lọ́yà yín yóò padà wá gba ẹ̀dà rẹ̀.

Ohun kan wà tó ń bí mi nínú: ìwé "mo gbà láti kó jáde kó tó di ọjọ́ báyìí" tí wọ́n ń mú ayálégbé fọwọ́ sí ní tẹ́ṣàn, pẹ̀lú onílé níjòókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tẹ́ṣàn kì í ṣe kọ́ọ̀tù. Ẹ má fọwọ́ sí i. Bí ọ̀ràn bá le tó pé ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí nǹkan kí ẹ tó lè lọ sílé, ẹ lọ bá lọ́yà lọ́jọ́ kejì, kí ó kọ̀wé sí ọ̀gá tẹ́ṣàn náà pé wọ́n fi agbára mú yín ni. Bí tẹ́ṣàn yẹn bá kọ̀ láti gbọ́ yín rárá, ẹ gbé e lọ bá ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè, tàbí kí lọ́yà kọ̀wé sí olú-iṣẹ́ wọn ní Eléyẹlé, Ìbàdàn.

## Ọ̀rọ̀ ìwé kuìtì, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹjọ́ ti jẹ́ tiwọn bí ìwé kuìtì, ìyẹn ìwé tí onílé fi ń sọ pé kí ayálégbé kó jáde, kò bá ti fún wọn ní oṣù mẹ́fà. Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí.

Bí àdéhùn yín kò bá sọ ohun mìíràn, bí ẹ ṣe ń sanwó ló ń pinnu iye ọjọ́ tí ìwé kuìtì gbọ́dọ̀ fún yín:

- ẹni tó ń san lọ́sẹ̀: ọ̀sẹ̀ kan
- ẹni tó ń san lóṣù: oṣù kan
- ẹni tó ń san ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta: oṣù mẹ́ta
- ẹni tó ń san lọ́dún: oṣù mẹ́fà

Lẹ́yìn tí ọjọ́ wọ̀nyí bá pé, ìwé ọlọ́jọ́ méje ló tẹ̀ lé e, èyí tí onílé fi ń sọ pé òun ń lọ kọ́ọ̀tù láti gba ilé òun. Lẹ́yìn ọlọ́jọ́ méje ni kọ́ọ̀tù. Kò sí ìwé kankan nínú méjèèjì tó fún onílé láṣẹ láti fọwọ́ kan ẹrù yín. Ìwé ọlọ́jọ́ méje kò sọ pé kí ẹ kó jáde ní ọjọ́ kẹjọ. Ìkìlọ̀ ẹjọ́ ni.

Àdéhùn lè dín ọjọ́ náà kù. Bí ìwé tí ẹ fọwọ́ sí bá sọ pé oṣù mẹ́ta ni, oṣù mẹ́ta náà ni. Bí àdéhùn bá ní ọjọ́ ìparí, tí ọjọ́ ọ̀hún sì ti kọjá láì jẹ́ pé onílé gba owó tuntun lọ́wọ́ yín, ó lè jẹ́ ọlọ́jọ́ méje nìkan ló nílò. Nítorí náà ẹ lọ yọ àdéhùn yín jáde, kí ẹ kà á kí ẹ tó máa sọ pé "oṣù mẹ́fà ni òfin wí."

Ní ọdún 2021, nínú ẹjọ́ Pillars àti Desbordes, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ó ti sú òun bí àwọn ayálégbé ṣe ń fi àbùkù kékeré inú ìwé kuìtì fa ẹjọ́ gùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní bí onílé bá ti pe ẹjọ́ gba ilé, tí ìwé ìpẹ̀jọ́ sì tẹ ayálégbé lọ́wọ́, ìyẹn nìkan ti tó láti mọ̀ pé onílé fẹ́ ilé rẹ̀. Lédè mìíràn, ẹni tó bá gbé gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ lé "ìwé náà dín ọjọ́ mẹ́rin" kò dúró dáadáa.

Ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí. Ìwé tó ní àbùkù lè dá onílé dúró fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà nínú ilé. Ipá tó lò láì gba kọ́ọ̀tù kọjá ni yóò san owó lé lórí. Nígbà tí ẹ bá jókòó níwájú lọ́yà, ẹ fi ipá náà ṣáájú: ọjọ́ wo, ta ni, báwo ni wọ́n ṣe wọlé, kí ni wọ́n bàjẹ́.

## Kí lẹ fẹ́ gan-an?

Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè yìí kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí lọ́yà. Ṣé ilé yẹn lẹ fẹ́ padà sí, àbí owó yín? Ẹni tó ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ nítòsí, tí owó ilé rẹ̀ ṣì kù oṣù mẹ́jọ, lè fẹ́ padà. Ẹni tí onílé rẹ̀ ń gbé yàrá kejì tí ó sì ti lù ú lẹ́ẹ̀kan, ní tèmi, owó ni kí ó gbà kí ó máa lọ.

Ìjókòó. Ẹ lè gba ọ̀dọ̀ baálé àdúgbò, ẹgbẹ́ onílé, pásítọ̀ tàbí ìmáàmù tí onílé ń bọ̀wọ̀ fún. Ní ìlú bíi Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ẹni tó lé yín lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá yín níbi iṣẹ́, ọ̀nà yìí ń yanjú ọ̀pọ̀ nǹkan láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ rántí ṣá pé ẹgbẹ́ onílé lè làjà, wọn kò ní àṣẹ láti pàṣẹ pé kí ẹ kó jáde. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye tí onílé yóò dá padà nínú owó ilé tó kù, owó ẹrù tó bàjẹ́, owó ọkọ̀, owó tí ẹ fi síbẹ̀ fún ìbàjẹ́ nígbà tí ẹ ń wọlé, àti ọjọ́ tí yóò san án. Ẹ má fún un ní kọ́kọ́rọ́ kí owó tó wọlé.

Lẹ́tà lọ́yà. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu bí lẹ́tà kan ṣe ń yí ohùn onílé padà. Ó fún un ní ọjọ́ díẹ̀ láti ṣílẹ̀kùn tàbí láti san owó. Bí ó bá kọ etí ikún sí i, lẹ́tà náà yóò wúlò ní kọ́ọ̀tù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ẹ fi sùúrù wá a.

Kọ́ọ̀tù. Kọ́ọ̀tù májísíréètì àti Kọ́ọ̀tù Gíga wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kò ní láti lọ Ìbàdàn. Iye owó àti irú ẹ̀bẹ̀ tí ẹ ń bẹ̀ ni lọ́yà yóò fi mọ èyí tó yẹ. Ohun tí ẹ lè béèrè nìwọ̀nyí:

1. kí kọ́ọ̀tù kéde pé ìlélọ náà lòdì sófin
2. kí ó pàṣẹ pé kí wọ́n dá yín padà sínú ilé
3. kí ó dá onílé dúró, kí ó má fi yàrá náà fún ẹlòmíràn títí ẹjọ́ yóò fi parí
4. owó gbà-máà-bínú fún ìwọ̀sí àti wàhálà
5. owó ẹrù tó sọ nù tàbí tó bàjẹ́
6. ìyókù owó ilé tí ẹ kò gbé tán

Ẹ̀bẹ̀ kẹta yẹn ló nílò ìkánjú jù. Adájọ́ lè fún yín ní àṣẹ ìdádúró fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó gbọ́ tẹnu onílé, bí ó bá rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé dúró. Ẹ kò gbọdọ̀ fi nǹkan pamọ́ nínú ìwé ìbúra tí ẹ fi bẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá jẹ owó ọdún kan, ẹ sọ ọ́. Onílé yóò sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá dé, adájọ́ á sì gba àṣẹ náà padà. Bí ayálégbé mìíràn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ bá ti wọ yàrá náà, ìpadàsílé á ṣòro gan-an, owó ni yóò kù.

Ẹ múra sílẹ̀ pé onílé náà yóò pe ẹjọ́ tirẹ̀ lórí tiyín: gbèsè owó ilé, àti pé kí kọ́ọ̀tù gba ilé fún òun. Bí ẹ bá jẹ gbèsè, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó náà sọ́tọ̀, kí lọ́yà sì kọ̀wé pé ẹ ti ṣetán láti san án.

Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Bí wọ́n bá tì yín mọ́lé ní tẹ́ṣàn nítorí owó ilé, tàbí bí wọ́n bá na yín, tí wọ́n sì dójú tì yín, ọ̀nà mìíràn ṣí sílẹ̀ lábẹ́ abala 46 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, pẹ̀lú ìlànà ọdún 2009 tó wà fún un. Kọ́ọ̀tù Gíga ló ń gbọ́ ọ, ó sì sábà máa ń yá ju ẹjọ́ ilé lọ. Abala 35 sọ pé ẹni tí wọ́n mú tí wọ́n sì dá dúró lọ́nà àìtọ́ yẹ fún owó àti àforíjì ní gbangba. Ṣùgbọ́n bí ohun tó ń dùn yín gan-an bá jẹ́ ilé, tí ẹ kàn fi ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn bò ó lórí, kọ́ọ̀tù lè da ẹjọ́ náà nù. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà pín méjèèjì sọ́tọ̀.

## Bí kò bá sí owó lọ́yà

Àjọ Legal Aid Council ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn. Òfin wọn ti ọdún 2011 wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè, èyí tó di 70,000 náírà ní ọdún 2024. Wọn kì í gba gbogbo ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, nítorí náà bí wọ́n bá na yín tàbí tì yín mọ́lé, ẹ kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Àwọn obìnrin lè kàn sí FIDA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ní ẹ̀ka ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ẹni tó ń gba ẹjọ́ láìgbowó. Lọ́yà mìíràn yóò kọ lẹ́tà nìkan fún yín ní owó díẹ̀, láì gba gbogbo ẹjọ́. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó jókòó.

## Ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH. Ẹ wo rìsíìtì yín dáadáa. Bí ó bá jẹ́ owó "sáà ẹ̀kọ́" ni wọ́n kọ síbẹ̀ tí wọn kò kọ ọdún, ọjọ́ tí owó náà parí lè di àríyànjiyàn, pàápàá nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti pa sáà náà. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí sí i. Bí owó bá jáde láti inú àkáǹtì òbí yín, òbí náà ni kí ó gba ìwé báńkì. Ẹni tó ń sùn ní yàrá ọ̀rẹ́ láìsan nǹkan fún onílé kì í ṣe ayálégbé lójú òfin. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ kéré púpọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló lè pe ẹjọ́.

Ilé tí onílé ti kú. Èyí wọ́pọ̀ ní àwọn agboolé àtijọ́. Ọmọ kan gba owó lọ́wọ́ yín, èkejì wá lé yín jáde pé òun kò mọ̀ sí i. Ẹ má dá sí ìjà wọn. Ẹ fi rìsíìtì hàn, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ̀wé fún yín pé ta ni kí ẹ máa sanwó fún. Bí wọ́n bá ta ilé náà, ẹni tó rà á bá yín níbẹ̀ ni; òun náà yóò fún yín ní ìwé, yóò sì gba kọ́ọ̀tù kọjá bí onílé àkọ́kọ́ ì bá ṣe ṣe é.

Ṣọ́ọ̀bù. Òfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lórí owó ilé àti gbígba ilé padà, ilé gbígbé ló dá lé. Ti ṣọ́ọ̀bù lè gba ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n ìfipá léni kò tọ́ níbẹ̀ náà. Kí ẹni tó ń tajà tún kọ iye ọjà tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà sílẹ̀, kí ó sì kó ìwé tó fi rà á jọ.

Ẹni tí kò ní àgírímẹ́ńtì. Àdéhùn ẹnu náà jẹ́ àdéhùn. Rìsíìtì, owó tó wọ àkáǹtì onílé, àtẹ̀jíṣẹ́, orúkọ yín lórí káàdì iná, aládùúgbò tó mọ ọdún tí ẹ wọlé: gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rí.

## Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe

- Kí ẹ lọ kó ọmọọ̀ta tiyín wá.
- Kí ẹ gbé fọ́tò onílé sí Facebook pẹ̀lú "olè" lábẹ́ rẹ̀. Ó lè pè yín lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́.
- Kí ẹ gba owó kékeré kí ẹ sì fọwọ́ sí "mo ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ mi". Bí ẹ bá fẹ́ gba owó náà, ẹ kọ ọ́ pé apá kan ni.
- Kí ẹ lọ kó ẹrù tó kù lọ́wọ́ onílé láìsí ẹlẹ́rìí àti láìkọ ohun tí ẹ gbà.
- Kí ẹ dákẹ́ fún oṣù púpọ̀. Adájọ́ á béèrè ìdí tí ẹni tí ilé ń dùn kò fi sáré.

## Ẹ kó ìwọ̀nyí dání lọ bá lọ́yà

- àdéhùn ilé àti gbogbo rìsíìtì owó ilé, ti ejẹ́ńtì náà
- ìwé báńkì tó fi hàn pé owó kúrò lọ́dọ̀ yín
- ìwé kuìtì tàbí ọlọ́jọ́ méje bí wọ́n bá fún yín, àti ọjọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́ (ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀dà rẹ̀, ẹ má kọ ọ́ sára ojúlówó)
- fóònù tí ẹ fi ya fídíò
- àkọsílẹ̀ ẹrù pẹ̀lú iye àti rìsíìtì tí ẹ bá rí
- orúkọ àti nọ́ńbà ẹlẹ́rìí
- orúkọ tẹ́ṣàn, ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ náà, àti ọjọ́
- ìwé dókítà bí wọ́n bá lù yín, tí ẹ gbà kí ojú egbò tó jiná
- ojú ìwé kan tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ, tó sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, tó fi mọ́ iye owó ilé tí ẹ jẹ